Ìpele Kẹrin Tàbí Ìkarùn-ún

Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni Dolatsinh Jhala fi kọ gbólóhùn kan náà. "Ìwádìí ń lọ lọ́wọ́. Ìròyìn yóò tẹ̀ lé e." Oṣù kẹta ọdọọdún ni fọ́ọ̀mù máa ń ti olú-ilé-iṣẹ́ awalẹ̀pìtàn ìjọba wá, tí wọ́n á ní kí ẹkùn kọ̀ọ̀kan sọ ibi tí iṣẹ́ dé lórí àwọn òkìtì àtijọ́ tí ìjọba ti gbẹ́. Jhala, ọ̀gá mi, á ṣí gègé, á kọ ọ́, á buwọ́ lù ú, á ní kí wọ́n gbé tíì wá. Mo ti ka gbogbo wọn nínú fáìlì. Ìkọ̀wé rẹ̀ gún régé. Láti 1991 títí dé 2017 kò yí padà, àfi pé lẹ́tà rẹ̀ ń kéré sí i.

Ọkùnrin yìí kò gba rìbá rí. Kò jí nǹkan kan gbé. Ní gbogbo Saurashtra, ẹkùn wa ní India, mi ò tíì rí ẹni tó mọ àpáàdì tó o. Ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kí n lè dárí jì í. Ká ní ọ̀lẹ ni, tàbí òpè, ọ̀rọ̀ náà ì bá ti tán lọ́kàn mi tipẹ́.

Oṣù kẹjọ ọdún 2017 ni wọ́n gbé mi wá sí ọ́fíìsì rẹ̀, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oyè kejì ní Vadodara. Òun ni awalẹ̀pìtàn àgbà fún ẹkùn wa. Ó ku oṣù mẹ́wàá kó fẹ̀yìn tì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó da ẹ̀kúnwọ́ àpáàdì sórí tábìlì, ó ní kí n dijú, ó wá ń fi èékánná ta wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan létí mi. Ó ní èyí tó bá dún bí agogo ni iná jẹ dáadáa, èyí tó bá dún bí igi ni iná kò dé inú rẹ̀. Nínú ogún, mo gba mẹ́fà.

Ó ní, "Ọmọ mi, Vadodara kọ́ ẹ lójú. Kò kọ́ ẹ létí."

Lọ́sàn-án ó máa ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sílé lọ jẹun, èmi náà á tẹ̀ lé e. Hansaba ìyàwó rẹ̀ máa ń se ìrẹsì àti ẹ̀wà pọ̀ dè wá, torí pé eyín Ọ̀gá kò gba nǹkan líle mọ́. Lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn ni àpótí irin kan wà. Ìwé àkọsílẹ̀ mẹ́rìnlá, àwòrán kòtò ọgbọ̀n, àti gbogbo fọ́tò òkìtì Kantharwadi wà nínú rẹ̀. Ìgbà mẹ́rin ni ìjọba gbé Ọ̀gá láti ìlú kan sí òmíràn, ìgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì gbé àpótí náà sórí itan ara rẹ̀ nínú ọkọ̀. Hansaba sọ fún mi nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀ pé, "Orogún mi nìyẹn. Mo bá a nílé ni. Ti àwọn ẹlòmíràn tiẹ̀ ń bímọ." Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó sì ń jẹun lọ.

Ẹ̀ẹ̀rùn mẹ́ta ni wọ́n fi gbẹ́ Kantharwadi, wọ́n sì parí rẹ̀ ní oṣù kẹta 1991. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Ọ̀gá nígbà náà. Àwọn ará abúlé kò fẹ́ bá a ṣiṣẹ́ lákọ̀ọ́kọ́. Wọ́n ní ìlú tó dojú dé ni òkìtì náà, pé ẹni mímọ́ kan tọrọ ìyẹ̀fun níbẹ̀ láyé ọjọ́un, wọn ò fún un, ó sì fi ìlú náà gégùn-ún. Ọ̀gá ra búrẹ́dì ọkà méjì àti ayù, ó gun orí òkìtì, ó jókòó, ó jẹ ẹ́ tán lójú gbogbo wọn. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Mepabhai wá gun òkè tọ̀ ọ́ lọ, ó ní kó fún òun ní ayù tó kù. Láti ọjọ́ yẹn, Mepabhai di olórí àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀. Jiviben ìyàwó rẹ̀ wà lára àwọn obìnrin tó ń fi agbọ̀n ru yẹ̀pẹ̀.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn kẹta, Mepabhai fi irin pẹlẹbẹ tí bíríkìlà fi ń tẹ́ sìmẹ́ǹtì ha ilẹ̀ kan tó pọ́n, ó dúró, ó ní kí wọ́n lọ pe Bàpú wá. Bàpú ni wọ́n ń pe ọmọ ìdílé Jhala bíi ti Ọ̀gá ní gbogbo abúlé wa, tọmọdé tàgbà. Ààrò tí wọ́n fi ń sun ìkòkò ni wọ́n rí. Òrùlé rẹ̀ ti wó lu ìkòkò mẹ́tàlélógójì tó wà nínú rẹ̀ kí iná tó kú. Lára amọ̀ tí wọ́n fi dí ẹnu rẹ̀, àmì àtẹ́lẹwọ́ ẹnì kan ṣì wà níbẹ̀, ìka máràárùn-ún. Jiviben sọ agbọ̀n kalẹ̀, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún lé e. Ó bá a mu. Ẹni tó ni ọwọ́ yẹn ti kú láti bí ẹgbàajì ọdún.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ ìpele níbí, torí òun ló bà á jẹ́. Bí èèyàn bá ń gbé ibì kan pẹ́, ilẹ̀ ibẹ̀ á máa dìde ní ìpele ìpele. A máa ń kà wọ́n láti òkè lọ sí ìsàlẹ̀. Ní Kantharwadi, ìpele kẹrin ni àwọn oníṣòwò láti ìlú ńlá ti dé pẹ̀lú ìwọ̀n òkúta wọn àti ìkòkò pupa wọn tó ń dán. Ìpele karùn-ún wà lábẹ́ rẹ̀, ó ti wà kí wọ́n tó dé. Bí ààrò náà bá wà nínú ìpele kẹrin, àwọn àlejò ló kọ́ àwọn ará ibẹ̀ bí a ṣe ń sun irú ìkòkò bẹ́ẹ̀. Bó bá wà nínú ìkarùn-ún, àwọn ará ibẹ̀ ti mọ̀ ọ́n fúnra wọn, kò sẹ́ni tó kọ́ wọn. Gbogbo ìwé tí a kà ní yunifásítì ló sọ pé wọ́n kọ́ wọn ni.

Ọ̀gá bo kòtò náà padà kí òjò má bà á jẹ́. Bí iṣẹ́ wa ti wí, kí a tó da yẹ̀pẹ̀ padà, a máa ń fi ẹyọ owó ọdún náà sí ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá gbẹ́ ibẹ̀ lọ́jọ́ iwájú á rí i, á mọ̀ pé ẹnì kan ti ṣáájú òun débí, á wá ìwé ẹni náà lọ. Ọ̀gá fi páísà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ọdún 1991 sílẹ̀, èyí tí wọ́n ya àgbáǹréré sí lára. Ó sọ fún àwọn ará abúlé pé kí ẹnikẹ́ni má kó yẹ̀pẹ̀ níbẹ̀, pé ìwé òkìtì wọn á jáde láàárín ọdún méjì.

Nígbà tó jókòó láti kọ ọ́, ó rí i pé ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ sọ pé ìpele kẹrin ni ààrò náà wà. Àmì tó so mọ́ àwọn àpò àpáàdì sọ pé ìkarùn-ún ni. Ọwọ́ rẹ̀ ló kọ méjèèjì, ní ọjọ́ kan náà. Kò rántí èyí tó tọ́.

Ọjọ́ kan péré ló nílò. Kó ṣí kòtò náà, kó wò ó, kó bò ó padà. Ó kọ̀wé béèrè fún àṣẹ ní 1992. Wọ́n ní kò sówó. Ó tún kọ ọ́ ní 1993. Wọ́n gbé e lọ sí ìlú míì. Ó ń béèrè lọ bẹ́ẹ̀. Ìrìn-àjò dé Kantharwadi kò ju wákàtí méjì àbọ̀ lọ, Mepabhai ì bá sì ti bá a ṣí kòtò náà ní ìdajì ọjọ́ láìgba kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n òfin ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbẹ́lẹ̀ láìsí ìwé àṣẹ, Ọ̀gá kì í sì í rú òfin. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Pune kọ̀wé sí i lẹ́ẹ̀mẹta pé kó jẹ́ kí òun wo àwọn àpò náà. Ó dá a lóhùn lẹ́ẹ̀mẹta pé ìròyìn yóò tẹ̀ lé e. Kò sẹ́ni tó lè fi tipá ṣe é. Láàárín àwa awalẹ̀pìtàn, ẹni tó gbẹ́ ilẹ̀ ló ni ìtàn rẹ̀ títí tó fi máa kú. A kì í bá a ṣí àpò rẹ̀.

Ní oṣù kìíní 2018, lẹ́tà dé láti ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ilẹ̀ ní àgbègbè náà. Àwọn kan tó ń ṣe títì tuntun fẹ́ kó yẹ̀pẹ̀ ní Kantharwadi, ní ilẹ̀ ìjọba tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 212. Bí ohun àtijọ́ kankan bá wà níbẹ̀, kí a sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rí láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Mo ṣí ìwé tí ìjọba kọ orúkọ gbogbo ibi tó ń dáàbò bò sí. Kantharwadi kò sí níbẹ̀. Kò lè sí níbẹ̀, torí pé ìròyìn tí a ti tẹ̀ jáde nìkan ni wọ́n fi ń kọ orúkọ ibì kan sí i. Lójú ìjọba, ilẹ̀ 212 lásán ni.

Mo mú lẹ́tà náà wọlé tọ̀ ọ́ lọ.

Mo ní, "Ọ̀gá, ojú ewé mẹ́wàá ti tó. Ẹ sọ pé ààrò kan wà níbẹ̀, ẹ fi àwòrán kan sí i, ẹ buwọ́ lù ú."

"Kí n ní ó wà nínú ìpele wo?"

"Ẹ sọ pé kò tíì dá yín lójú."

"Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, kí n wá sọ pé kò tíì dá mi lójú? Ọmọ mi, kí ni wọ́n máa fi mí pè?"

"Ọ̀gá, katapílà ò mọ ìpele kẹrin yàtọ̀ sí ìkarùn-ún."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. "Èmi mọ̀ ọ́n," ló wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka lẹ́tà mìíràn.

Mo lọ sílé rẹ̀ ní ọjọ́ Sunday. Hansaba fa àpótí náà jáde fún mi láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó ní tí mo bá lè bá òun lé orogún yìí lọ, òun á dáná àsè fún mi. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kọ ojú ewé mọ́kànlá. Nígbà tí mo gbé e fún Ọ̀gá, ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin pẹ̀lú gègé pupa. Ó tún àwọn àmì ìdánudúró mi ṣe. Ó ní ìwọ̀n tí mo fi sí abẹ́ àwòrán kejì kò tọ̀nà, òótọ́ sì ni. Ó yìn mí fún ojú ewé kẹfà. Níbi tí mo ti kọ "ìpele" tí mo fi àyè sílẹ̀, ó fi gègé pupa yí i ká, ó fi àmì ìbéèrè sí i. Ó wá fi ojú ewé mọ́kànlá náà sínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀.

Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n ló dá ọ́fíìsì ilẹ̀ lóhùn. Akọ̀wé ọ́fíìsì wa fi ẹ̀dà rẹ̀ hàn mí kó tó fi ránṣẹ́. "Nípa ilẹ̀ 212, Kantharwadi: Ìwádìí ń lọ lọ́wọ́. Ìròyìn yóò tẹ̀ lé e."

Mo gbà pé ọkàn rẹ̀ mọ́ nígbà tó kọ ọ́. Lójú tirẹ̀, odi ló mọ yẹn. Ó gbàgbọ́ pé ẹnikẹ́ni tó bá kà á á mọ̀ pé iṣẹ́ ìjọba wà níbẹ̀, kí wọ́n kúrò. Kò yé e pé gbólóhùn tí èèyàn ti ń kọ fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n kò ní ìtumọ̀ mọ́ lójú ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe òun. Mo rí ohun tí ọ̀dọ́kùnrin tó wà ní ọ́fíìsì ilẹ̀ kọ sí etí lẹ́tà náà lẹ́yìn náà. "Kò sí àṣẹ ìwalẹ̀ kankan níbẹ̀ láti 1991. Kò sí ìròyìn. Kí wọ́n máa kó o." Mo ti wá àṣìṣe nínú ohun tó kọ. Mi ò rí.

Ojú ewé mọ́kànlá yẹn ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà mi ní gbogbo àkókò yìí. Mo lè fi ránṣẹ́ ní orúkọ ara mi. Mi ò fi ránṣẹ́. Mo sọ fún ara mi pé ọ̀wọ̀ ni. Ẹ̀rù ni. Igbákejì tó bá kọ ìtàn ilẹ̀ ọ̀gá rẹ̀ lójú ayé ọ̀gá náà, kò sí awalẹ̀pìtàn tó máa gbà á sí kòtò rẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta, láago mẹ́jọ àárọ̀, Mepabhai pe fóònù ọ́fíìsì. Ó ní katapílà ti wà lórí òkìtì láti ọjọ́ méjì, òun kò tètè rí nọ́ńbà wa. A wọ jíìpù. Ọ̀gá mú irin pẹlẹbẹ rẹ̀ dání, àti ike omi kan tí ń fọ́n, irú èyí tí àwọn onígbàjámọ̀ ń lò.

Ìdá méjì nínú mẹ́ta òkìtì náà ti lọ. Tipà mẹ́rin tò síbẹ̀. Mepabhai jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì olókùn tó ti gbé jáde láti ilé wá sétí ọ̀nà, láwàní funfun lórí rẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Kò dìde.

"Bàpú, ẹ káàbọ̀," ló wí. "Ẹ tètè dé."

Ọ̀gá béèrè Jiviben. Mepabhai ní ó pé ọdún mẹ́ta tó ti kú.

"Lọ́dún tó kú ku, ó fẹ́ bu yẹ̀pẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀ fi rẹ́ ilẹ̀ ilé. Mo lé e. Mo ní kó ní sùúrù, ìwé Bàpú ń bọ̀. Ó ní ṣé ẹsẹ̀ ni ìwé náà fi ń rìn ni." Ó fa sìgá ewé rẹ̀. "Mo ti lé darandaran níbẹ̀. Mo ti bá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jà níbẹ̀, a ò tíì máa kíra wa. Agbọ̀n yẹ̀pẹ̀ kan péré ni obìnrin yẹn fẹ́, Bàpú."

Ọ̀gá lọ bá ẹni tó ń wa katapílà, ó ní kó dá a dúró ní orúkọ ìjọba. Ọkùnrin náà kò jà. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó pè é ní bàbá, ó mú ìwé àṣẹ jáde nínú àpò ike. Ẹ̀dà lẹ́tà Ọ̀gá wà lẹ́yìn ìwé àṣẹ náà, wọ́n fi pínnì so ó mọ́ ọn. Ọ̀gá ka gbólóhùn méjèèjì tó kọ. Ó dá a padà fún un. Ó wá béèrè, bí ẹni tó ń tọrọ iná, pé ṣé ó lè fún òun ní wákàtí kan.

Ọkùnrin náà ní, "Bàbá, mo fẹ́ jẹun. Ìdajì wákàtí ni mo fi ń jẹun."

Ibi tí katapílà gé òkìtì náà dé ga ju Ọ̀gá lọ, ó sì mọ́ bí ìgbà tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé kéèkì. A kò lè fi ọwọ́ gé e tó bẹ́ẹ̀ láéláé. Ọ̀gá fọ́n omi sí ara ilẹ̀ náà láti òkè wá sílẹ̀. Nígbà tí omi mu ún, àwọ̀ àwọn ìpele jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìdajì ààrò náà ló kù níbẹ̀, pupa, ó rí bí ọrun ọdẹ tí wọ́n fi lélẹ̀. Ìdajì kejì àti ẹnu rẹ̀ tó ní àmì ọwọ́ ti lọ nínú tipà. Ọ̀gá kúnlẹ̀. Ó fi ṣóńṣó irin rẹ̀ tẹ̀ lé ìlà eérú dúdú kan tó jẹ́ ìsàlẹ̀ ìpele kẹrin. Ìlà náà wá láti ọwọ́ òsì, ó gba orí ààrò kọjá, ó bò ó pátápátá, ó sì jáde sí ọwọ́ ọ̀tún láìjá níbì kankan.

Ó tún tẹ̀ lé e lẹ́ẹ̀kejì, láti ọ̀tún sí òsì.

"Abẹ́ rẹ̀ ló wà," ló wí. "Ìkarùn-ún ni." Ó bojú wẹ̀yìn wò mí. "Kọ ọ́ sílẹ̀."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Mo fi fóònù mi ya fọ́tò mẹ́tàdínlógún. Ọkùnrin oníkatapílà fọ ọwọ́, ó mu omi wàrà kíkan, ó béèrè bóyá a ti ṣe tán. Ọ̀gá ní àwọn ti ṣe tán. Nígbà tí ẹ̀rọ tún dún, ó kọ ẹ̀yìn sí i, ṣùgbọ́n kò kúrò níbẹ̀.

Mepabhai bọ́ láwàní rẹ̀, ó tú etí rẹ̀, ó mú ẹyọ owó kan jáde. Ó ní nígbà tí katapílà gba ibi kòtò kọjá lánàá, òun fi ọwọ́ tú yẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ títí òun fi rí i. Àgbáǹréré náà ṣì ń dán. Owó yẹn kò ra nǹkan kan mọ́ nílẹ̀ wa, ìjọba ti fagi lé e. Ọ̀gá na ọwọ́. Mepabhai kò wo ọwọ́ náà. Èmi ló nà án sí.

Ó ní, "Urviben, gbà á. Bàpú sọ fún wa lọ́jọ́ tó sin ín pé ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn òun ló wà fún."

Ọ̀gá fẹ̀yìn tì ní ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹfà. Wọ́n fi òdòdó sí i lọ́rùn, wọ́n fún un ní aago ògiri. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ó ti parí ìwé náà. Oṣù mẹ́rin. Ó fi ránṣẹ́ sí mi kí n bá a wo àwọn àmì ìdánudúró rẹ̀. Igba ojú ewé ó lé mẹ́rin. Kò sí àṣìṣe nínú rẹ̀. Ojú ewé kẹfà mi wà nínú rẹ̀, ó dárúkọ mi, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó dárúkọ Mepabhai. Ó ní ọwọ́ Jiviben bá ọwọ́ ìgbàanì yẹn mu. Ìwé tó dára jù lọ tí ẹnikẹ́ni tíì kọ lórí ilẹ̀ wa ni, ibi tí ó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ti di títì. Hansaba sọ fún mi lórí fóònù pé àpótí náà ti kúrò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, pé òun kò rí oorun sùn dáadáa láti ìgbà náà. Ó ní ọkọ òun máa ń dìde láàárọ̀, á jókòó, á máa wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ní kí n wá kí wọn. Mi ò tíì lọ.

Ní oṣù kẹta tó tẹ̀ lé e, fọ́ọ̀mù dé. Kò tíì sí awalẹ̀pìtàn àgbà mìíràn, èmi ló kàn láti kọ ọ́. Níbi Kantharwadi mo kọ pé, "Òkìtì náà kò sí mọ́. Ọ́fíìsì yìí mọ̀ kó tó ṣẹlẹ̀. Ìpele karùn-ún ni." Mo buwọ́ lù ú.

Wọ́n dá a padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n so ìwé pélébé kan mọ́ ọn pé àyè tó wà níbẹ̀ kò wà fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kí n kọ ọ́ bí a ti máa ń kọ ọ́. Ó wà lórí tábìlì mi, lábẹ́ ẹyọ owó náà. Akọ̀wé ti béèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.